Mo fẹ́ sá márátọ́ọ̀nù ní Kétu nítorí àwọn tó tọ́jú ìyá mi. Ẹ bá mi dá sí i

ỌmọAlákàrà, Kétu

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kàn dá sí i rí ni.

Ìyá mi kú ní oṣù kẹfà. Jẹjẹrẹ ọmú ni. Ẹni tó bá mọ Kétu dáadáa á mọ̀ wọ́n: àkàrà ni wọ́n ń dín láàárọ̀, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi jókòó sí ojú kan náà. Nígbà tí dókítà ní ká máa gbé wọn lọ sílé, pé kò sí nǹkan táwọn lè ṣe mọ́, a gbé wọn wálé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́. Wọ́n ń ké lóru débi pé àwọn ará àdúgbò ń wá kanlẹ̀kùn. Oògùn ẹ̀fọ́rí la ṣáà ń fún wọn.

Ìgbà yẹn lẹnì kan júwe àwọn nọ́ọ̀sì kan fún wa, àwọn tó máa ń lọ bá aláìsàn nínú ilé. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn wá. Wọ́n gbé oògùn olómi kan wá nínú ìgò, wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Alẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá mi sùn. Láàárọ̀ Jímọ̀, wọ́n ní kí n dín àkàrà káwọn rí i. Mo gbé agbada sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Wọ́n gbórí sókè lórí ìrọ̀rí, wọ́n ní, “Òróró yẹn ò tíì gbóná. Ṣé o fẹ́ kó fà á mu tán ni?” Wọ́n jẹ ìdajì ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n tún lò lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò ké lóru mọ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ò gba fráǹkì kan lọ́wọ́ wa. Ọ̀kadà wọn ti gbó, ọjọ́ kan wà tí èmi àti àbúrò mi bá wọn tì í dé títì. Mo fẹ́ kó 600 000 sefa jọ kí wọ́n fi ra tuntun. Mo rí i lórí fóònù pé àwọn òyìnbó máa ń sá márátọ́ọ̀nù, eré ọ̀nà jíjìn yẹn, kí àwọn èèyàn lè dáwó fún irú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, họ́sípíìsì ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ sá a lọ́jọ́ tí ọdún kan bá pé. Ọmọ ọdún 36 ni mí, mo ti bímọ mẹ́ta, eré tí mo sá gbẹ̀yìn, ilé ìwé ni. Ṣé ó ṣeé ṣe? Báwo ni mo ṣe máa gbowó tí wọn ò ní pè mí lólè? Ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ní ọmọ olóòkú kì í wọ ṣòkòtò péńpé sáré kiri ìgboro.

Bàbá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, arábìnrin. Ọlọ́run á dá yín sí láti tọ́jú ohun tí ìyá fi sílẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Márátọ́ọ̀nù Èkó nìyẹn nítòsí, oṣù kejì ọdún ni wọ́n ń sá a, 2016 ló bẹ̀rẹ̀. Surulere ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á gba orí afárá Third Mainland, wọ́n á já sí Eko Atlantic. Omi wà lójú ọ̀nà, àwọn elétò ìlera wà níbẹ̀, ẹ ò ní tọrọ títì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti Àjàṣẹ́ níbí, ẹ gba ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nìyẹn.

Tíṣà Eré, Ṣábẹ̀ẹ́

Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́. Oṣù kọkànlá la wà yìí. Ẹni tí kò tíì sá kìlómítà kan, ẹ ní kó lọ sá 42 ní oṣù kejì? Orúnkún rẹ̀ lẹ fẹ́ fi tọrẹ. Ẹni tó sá a yá jù nínú ìdíje tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tirẹ̀, Kelvin Kiptum ọmọ Kẹ́ńyà, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ló fi sá a ní Chicago ní 2023. Èmi àtẹ̀yin, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni. Ẹ rò ó wò, wákàtí mẹ́fà lórí ìdúró.

Àmọ́ oṣù méje tó, arábìnrin. Mo ti kọ́ ọmọ ilé ìwé, mo ti kọ́ ìyá ọlọ́mọ. Oṣù àkọ́kọ́, ẹ má sáré, ẹ rìn. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ máa fi eré ìṣẹ́jú kan-kan há àárín ìrìn. Tó bá fi máa di oṣù kejì, eré á ti pọ̀ ju ìrìn lọ. Bẹ́ ẹ bá ń sá tí ẹ ò lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín sọ gbólóhùn kan délẹ̀, ẹ ti yára jù, ẹ rọra. Lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ kẹ́ ẹ lọ jìnnà: 6, 8, 10, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ò gbọ́dọ̀ fi ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ ju ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, kí egungun lè bá ẹran ara dọ́gba, torí èémí máa ń tètè lágbára ju iṣan ẹsẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹrin-kẹrin, ẹ dẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kẹ́ ẹ ti sá 30 tàbí 32 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ò ní sá 42 ṣáájú ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa dín in kù títí ọjọ́ fi pé. Ìgbà yẹn ló máa ń ṣe èèyàn bíi kó tún fi kún un, ẹ̀rù ló ń fa ìyẹn.

Bàtà: àlòkù gidi tó wá láti òkè òkun sàn ju tuntun ayédèrú lọ. Ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, bó bá le bí igi, ẹ fi sílẹ̀. Kó fi bí ìbú àtàǹpàkò gùn jù yín lọ níwájú, torí ẹsẹ̀ máa wú. Ẹ fi òrí pa abíyá, itan àti abẹ́ ọmú. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ ó rántí nígbà tómi ìwẹ̀ bá kàn yín. Ẹ sì máa mu omi, kìlómítà kọ̀ọ̀kan, òùngbẹ gbẹ yín o, kò gbẹ yín o.

Kékeré Ọ̀bẹ, Pọ́bẹ̀

Ẹ má bínú sí mi o. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní họ́sípíìsì yẹn, ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ kú sí? Èmi ò lè fowó mi sí ilé ikú.

Kí ló tiẹ̀ kan eré sísá? Ẹ gbé igbá kiri mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, owó á pé lọ́sẹ̀ mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àjàṣẹ́

Kékeré Ọ̀bẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bínú. Ẹ tún ohun tí arábìnrin yìí kọ kà. Ibo ni ìyá rẹ̀ wà? Nínú yàrá ara wọn, agbada lẹ́nu ọ̀nà. Họ́sípíìsì lè jẹ́ ilé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni kó tó jẹ́ ilé: kí ẹni tí ìwòsàn ò sí fún mọ́ má jẹ̀rora, kí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe lóru. Òun làwọn dókítà wa ń pè ní soins palliatifs. Cicely Saunders, tó ṣe nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, ló dá St Christopher's sílẹ̀ ní London ní 1967. Nílẹ̀ Áfíríkà, ẹ wo Uganda: Hospice Africa Uganda ti wà láti 1993, mọ́fíìnì olómi ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn ńlá UCH n'Íbàdàn náà ní ẹ̀ka tirẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé oògùn inú ìgò yẹn, mọ́fíìnì ni. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn èèyàn lásán. Bí a bá lò ó bí dókítà ṣe wọ̀n ọ́n, kì í mú ikú yá, kì í sì í sọ aláìsàn di ajoògùnyó. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó ń mú kí ìgbẹ́ le, a máa ń fún wọn lóògùn ìyàgbẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Agbára rẹ̀ kì í ju wákàtí mẹ́rin lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ jí lóru fún un. Ó sì fi hàn yín pé nọ́ọ̀sì tí kò ní ọ̀kadà, ìdajì nọ́ọ̀sì ni.

Ìyá Oníṣúgà, Kétu

Mo mọ ìyá yín! Ta ni kò mọ̀ wọ́n? Mo máa ń ra àkàrà lọ́wọ́ wọn kí n tó lọ sí ilé ìwé, ẹyọ márùn-ún, wọ́n á ju ẹyọ kan sí i ṣe èènì. Bí wọ́n bá rí i pé ojú rẹ ò dán lọ́jọ́ náà, méjì. Ẹ ò rí i pé gbogbo wa la jẹ gbèsè èènì ní Kétu yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Nígbà tí bàbá tèmi ń jẹ̀rora, èmi àti àwọn àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí oògùn 4 000 sefa. Wọ́n kú tán, kò pé oṣù kan, a ti rówó ra àǹkárá, a rówó pa màlúù, a gba onílù méjì. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Èmi gan-an ni mo yan àwọ̀ aṣọ ẹbí.

Ọmọ Òkè, Ṣábẹ̀ẹ́

Fún ẹni tó ní kí ló kan eré sísá. Terry Fox, ọmọ Kánádà, jẹjẹrẹ mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ní 1980 ó fi ẹsẹ̀ kan àti irin sáré la Kánádà já láti etíkun dé etíkun, bíi márátọ́ọ̀nù kan lójúmọ́, ó ń tọrọ owó fún ìwádìí jẹjẹrẹ. Bó bá jẹ́ pé igbá ló gbé, ta ni ì bá gbọ́?

Tíṣà Eré, Ṣábẹ̀ẹ́

Ọmọ Òkè, kò dé etíkun kejì o. Ọjọ́ 143 ló fi sáré, 5 373 kìlómítà, àìsàn náà wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó dúró ní oṣù kẹsàn-án, ó kú ní 1981. Wọ́n ṣì ń sáré kówó jọ lórúkọ rẹ̀ di bá a ṣe ń wí yìí.

Ọkọ Àbẹ̀ní, Àjàṣẹ́

Ẹ kú àfẹ́kù, àbúrò. Mi ò fẹ́ kọ èyí níbi tí gbogbo ayé á ti kà á, ṣùgbọ́n ó lè ràn yín lọ́wọ́.

Ìyàwó mi ló lọ. Ọ̀sẹ̀ tí a sin ín tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí mo ti wà lójú títì, láti ilé wa dé iwájú mọ́ṣáláṣí ńlá, èyí tí wọ́n kọ́ bí ilé àwọn ará Bùràsíìlì yẹn, màá yípo rẹ̀, màá padà. Gbogbo èèyàn ń yìn mí, “Ọkùnrin gidi, ó ṣe gírí.” Mi ò ṣe gírí kankan. Ibùsùn ni mo ń sá fún. Mo sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ pé Èkó ni mo máa ti sá odindi, kí wọ́n dáwó fún àwọn aláìsàn bíi tirẹ̀, wọ́n sì dá a.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ eré, mo ra bàtà tuntun. Aṣiwèrè ni. Èékánná ẹsẹ̀ méjì dúdú, wọ́n yọ kúrò níkẹyìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ ló dá mi dúró. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 30, oúnjẹ tí ara kó pamọ́ sínú iṣan máa ń tán. Àwọn sárésáré ń pè é ní ògiri. Ohun tẹ́nìkan ò sọ fún mi ni pé tí okun bá tán, ohun tó o ti ń fi okun dì mọ́lẹ̀ á jáde. Mo jókòó sórí bèbè títì lójú oòrùn, mo sì ń sunkún bí ọmọdé. Oṣù mẹ́ta ó lé tí mi ò sunkún rí. Ọmọ kékeré kan tó ń ta omi inú ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó fi eyín ya ọ̀rá náà, ó ní, “Bàbá, ẹ mu.” Kò gbowó. Mo fẹsẹ̀ rìn dé òpin.

Ohun mẹ́ta péré. Ẹ má dá nìkan sáré lójoojúmọ́, ẹ wá ẹnì kan tó mọ ìyá yín, kẹ́ ẹ jọ máa lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ wọn lọ́nà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sunkún láàárín eré, ẹ sun ún, kò ba nǹkan jẹ́. Ẹ má sì sá a lọ́jọ́ tí ọdún pé gan-an. Lọ́jọ́ náà àlejò máa kún ilé, ẹ ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ máa ṣe.

Ìyá Oníṣúgà, Kétu

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tẹ́ ìyàwó sí afẹ́fẹ́ rere. Àmọ́ lórí ọjọ́ yẹn mi ò gbà fún yín. Ọjọ́ tí àlejò bá kún ilé lowó ń jáde lápò.

Akápò Àjọ, Kétu

Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń pa owó àjọ mọ́, ẹ gbọ́ tèmi lórí owó.

Ṣé ẹ ti bi àwọn nọ́ọ̀sì yẹn pé ọ̀kadà ni wọ́n fẹ́? Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ amúnáwá fún ilé ìtọ́jú kan, tí kò sí owó epo tí wọ́n máa rọ sí i.

Ẹ má fi nọ́ńbà MoMo (owó orí fóònù) tara yín gbowó láé. Ẹ gba síìmù ọ̀tọ̀. Kẹ́nìkan mọ ìdajì nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, kẹ́nìkejì mọ ìyókù, kí ẹni kejì má jẹ́ ará ilé yín. Kí àwọn nọ́ọ̀sì fún yín níwèé tí wọ́n fọwọ́ sí pé àwọn mọ̀ sí i. Alẹ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, kọ iye tó wọlé sórí pátákó níbi tí ìyá máa ń jókòó sí, kí ẹni tó dá 200 sefa rí 200 rẹ̀ níbẹ̀.

Owó bàtà, owó omi, owó aṣọ, ẹ má yọ ọ́ nínú owó tí wọ́n dá.

Bàbá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Akápò, kí ló burú nínú kó yọ owó omi? Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń yọ owó ìnáwó.

Akápò Àjọ, Kétu

Kò burú lójú òfin. Ojú ọjà ni mo ń wò. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ kan rí tó ń kówó òrùlé jọ, a fi 15 000 ra ìpápánu fún ìpàdé. Ọdún mẹ́fà rèé, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ òrùlé náà rí, ìpápánu ni wọ́n ń sọ.

ỌmọAlákàrà, Kétu

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ọkọ Àbẹ̀ní, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mi ò rí oorun sùn ni mo ń kà á.

Mo pe àwọn nọ́ọ̀sì bí Akápò ṣe wí, ojú sì tì mí díẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kadà yẹn, bí àwọn bá rí 85 000 tún un ṣe, ó ṣì lè lo ọdún méjì. Ohun tó ń dá àwọn dúró ni owó epo oṣooṣù, àti ibùsùn afẹ́fẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara aláìsàn dégbò, ẹyọ kan péré làwọn ní, ẹni mẹ́rin ló ń dúró dè é. Ní bàyìí, àtúnṣe, epo ọdún kan àti ibùsùn méjì ni 600 000 náà wà fún.

Mo ń rò ó pé kí n sá a láti Pọ́bẹ̀ dé Kétu. Ọ̀nà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń gbà wá nìyẹn.

Ọlọ́kọ̀ Símẹ́ńtì, Pọ́bẹ̀

Arábìnrin, rárá o. Ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti ń jẹun. Èkíní, Pọ́bẹ̀ sí Kétu ju 42 lọ. Èkejì, àwa tá a ń kó símẹ́ńtì ní Onígbólò ló ni ọ̀nà yẹn ní ìdájí. Tí èmi àti ọkọ̀ mìíràn bá pàdé, iná rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, mi ò ní rí ẹni tó ń sáré létí títì. Ẹ mú un wá sínú ìlú.

Tíṣà Eré, Ṣábẹ̀ẹ́

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ wá ìyípo kan nínú Kétu tó jẹ́ kìlómítà 7, kẹ́ ẹ fi fóònù wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tún fi ọ̀kadà wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, 42 nìyẹn. Ẹ ó fi ibi kan ṣoṣo gbé omi sí. Ẹni tí ò lè sá gbogbo rẹ̀ á bá yín sá ìyípo kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Àkábà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yín, kí gbogbo èèyàn mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí.

Kékeré Ọ̀bẹ, Pọ́bẹ̀

Oṣù kẹfà, òjò ńkọ́?

Tíṣà Eré, Ṣábẹ̀ẹ́

Òjò sàn. Ẹni tó ti sáré lóòrùn oṣù kẹta ò ní bú òjò. Ẹ̀fúùfù àti àrá nìkan ni kẹ́ ẹ sá fún.

Ọmọ Òkè, Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyípo mẹ́fà, 42. Ó ku mítà 195. Ṣé ẹ mọ̀ pé London ni wọ́n ti fi ìyẹn lé e ní 1908? Láti ààfin Windsor ni wọ́n ti gbéra, wọ́n fẹ́ kó parí níwájú ibi tí àwọn ará ààfin jókòó sí nínú pápá. Ní 1921 ló di òfin fún gbogbo ayé. Èènì ni! Láti Àkábà, ẹ sá èènì yẹn lọ sí ibi tí ìyá máa ń jókòó sí.

Ìyá Oníṣúgà, Kétu

Ó jù mítà 195 lọ láti Àkábà dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí wọ́n sún ibi ìbẹ̀rẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n orúkọ owó náà ti jáde o: owó èènì. Mo ti dá 5 000. Ẹ kọ ọ́ sí pátákó.

Bàbá Àgbà, Kétu

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ. Má kà á sí ọ̀tá. Àbúrò rẹ̀ ló sin, kò sì yẹ kí ẹ̀gbọ́n sin àbúrò. Ìwọ ń wá ohun tí wàá ṣe, òun náà ń wá ohun tí yóò kọ̀.

Wọ ṣòkòtò gígùn, kó o so gèlè pẹlẹbẹ mọ́rí. Eré kọ́ ni wọ́n ń wò, aṣọ ni. Má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ ọjọ́ náà lẹ́nu ará ọjà. Gbé obì lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́, kúnlẹ̀, kó o ní òun ni wàá fẹ́ kó sọ pé “ó yá” kó o tó gbéra. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jọ lọ sọ ọ́ ní ààfin, kẹ́ ẹ tó lọ bá mérì gbàwé àṣẹ títì. Bí àwọn àáfà ilé yín bá béèrè, sọ fún wọn pé sàráà ni o ń fẹsẹ̀ ṣe.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àjàṣẹ́

Mo fẹ́ ta ko Tíṣà lórí omi. Ẹ má mu ún ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan láìsí òùngbẹ. Ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́fà mu omi lásán lámujù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀: orí á máa fọ́ ọ, á máa bì, gìrì lè gbé e, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ mu ún bí òùngbẹ bá gbẹ yín. Ẹ po tiyín: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà tó tẹ́jú, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn láàárín ọ̀nà. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, iyán tàbí ẹ̀kọ, kí ata má pọ̀. Láàárọ̀, ògì àti ṣúgà. Ìyá á bínú sí mi, ṣùgbọ́n àkàrà ò dáa láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀wà máa ń ru inú sókè.

Ẹ má lo ibuprofen tàbí diclofenac torí ìrora ẹsẹ̀ lọ́jọ́ eré, ó lè ba kíndìnrín jẹ́ nígbà tí omi bá ti kúrò lára. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, owó náà á ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó ku: ọmọbìnrin ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú pa ni yín. Kẹ́ ẹ tó ra bàtà, ẹ lọ sọ ìyẹn fún dókítà, kí wọ́n yẹ ọmú yín wò. Kí àwọn àbúrò yín obìnrin náà lọ.

Tíṣà Eré, Ṣábẹ̀ẹ́

Nọ́ọ̀sì, mo gbà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nígbà tiwa ni mo sọ yẹn.

ỌmọAlákàrà, Kétu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọyẹ́ ti dé, ètè ń bó.

Èmi àti àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọn ò rí nǹkan kan lára wa, wọ́n ní ká máa padà wá lọ́dọọdún.

Mo ti ń rìn, mo ti ń sá díẹ̀díẹ̀. Lánàá mo sá kìlómítà mẹ́ta láìdúró. Èmi àti Ìyá Oníṣúgà la jọ ń lọ ní Sátidé, àṣé ilé wọn ò jìnnà sí tiwa. Wọ́n sọ fún mi pé ìyá mi máa ń bú àwọn lọ́nà ilé ìwé bí wọ́n bá pẹ́. Mi ò mọ ìyẹn rí. Mo sunkún díẹ̀, a tẹ̀ síwájú.

Pátákó ti wà níbẹ̀. 73 400 sefa ní alẹ́ Àìkú tó kọjá. Ẹnì kan wá dá 25 sefa, ó ní iye tí òun ra àkàrà gbẹ̀yìn nìyẹn.

Mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọ́n gba obì, wọn ò pa á. Wọ́n ní àwọn ò ní wá wo ìsọkúsọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rán ọmọ wọn sí mi pé ìyípo náà, ṣé ó gba iwájú ilé àwọn kọjá ni àbí kò gba ibẹ̀.

Tíṣà, 39 ni mò ń wọ̀. Mo rí 40 kan lọ́jà, àlòkù, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀, 7 000 ni wọ́n ń pè é. Ṣé kí n rà á?

Tíṣà Eré, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ná an sí 4 500. Ẹ sì darí ìyípo náà gba iwájú ilé wọn.